Omi ti wọ ilé ìdáná, màmá ní àwọn ò lọ: ṣé ká kúrò ni àbí ká dúró?

Àbíkẹ́ Ìtowolò, Ọjọ́ Ajé, 6:10 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé etí odò Ògùn rí ni mo ń bá sọ̀rọ̀, ará Ìtowolò, Ajégúnlẹ̀ ojú ọ̀nà Ìkòròdú, Agbóyi, Ìṣẹ́rí. Òjò ò rọ̀ lọ́dọ̀ wa láti Ọjọ́bọ̀, síbẹ̀ omi ń gòkè. Lánàá, ìdí igi àgbálùmọ̀ ẹ̀yìnkùlé ló wà. Láàárọ̀ yìí tí mo jí láti se omi fún ọmọ, inú omi ni mo dúró sí tí mo ń wá ìṣáná.

Ilé ilẹ̀ ni ilé wa, kò ní òkè. Èmi, ọmọ mẹ́ta (àbíkẹ́yìn ṣì jẹ́ ọmọ oṣù méje) àti màmá mi tí orúnkún ń dà láàmú ló wà níbẹ̀. Bàbá àwọn ọmọ wà lọ́nà Kánò pẹ̀lú tírélà. Àbúrò mi ní Kẹ́tu ní ká máa bọ̀, yàrá kan wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Màmá ní àwọn ò lọ síbì kankan. Wọ́n ní omi ọdún 2010 bá àwọn níbẹ̀, ó sì fi àwọn sílẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n tún ní ọwọ́ ta la fẹ́ fi bàbá wa lé, torí inú ọgbà yẹn la sin wọ́n sí.

Ṣé ká lọ ni, àbí ká gbé ẹrù lé orí tábìlì ká máa wò ó? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn kọ “Ọlọ́run á ṣọ́ yín” sílẹ̀ kẹ́ ẹ máa lọ. Mo ti ń ṣe àmín yẹn láti ìdájí.

Atukọ̀ Agbóyi, 6:32

Àǹtí, ẹ kúrò lónìí. Ọkọ̀ ojú omi ni iṣẹ́ mi, mo mọ omi yẹn bí mo ṣe mọ ìyá mi. Omi òjò a yára dé, a sì yára lọ. Omi odò kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Òjò tó rọ̀ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti lápá Abẹ́òkúta lẹ́ ẹ ń rí yẹn, ìyẹn ni oòrùn ṣe ń ràn lórí yín tí ẹsẹ̀ yín sì wà nínú omi. Dáàmù Ọ̀yán tún wà lókè lọ́hùn-ún, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1983. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 270 kúbíìkì mítà omi ló lè gbà. Tó bá kún, wọ́n gbọ́dọ̀ tú lára rẹ̀ sílẹ̀ kó má baà ya. Ọ̀nà wa nìkan ni omi yẹn mọ̀ dé inú ọ̀sà. Tó bá wá bọ́ sí àsìkò tí òkun kún, ọ̀sà ò ní gbà á wọlé, ẹ̀yìn ló máa padà sí. Ilé yín ni ẹ̀yìn yẹn.

Ó lè lo ọ̀sẹ̀ méjì nílẹ̀, ó lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣé ẹ máa jókòó lórí tábìlì fún ọ̀sẹ̀ méjì pẹ̀lú ọmọ ọmú?

Nǹkan kan tún wà, mi ò ní purọ́ fún yín. Lónìí, ẹ ṣì lè fẹsẹ̀ rìn dé ojú títì. Tí omi bá ti dé ìbàdí, ọkọ̀ lẹ máa wọ̀, àwa ọlọ́kọ̀ á sì ti gbówó lérí. Tó bá di alẹ́, èmi ò ní gbé yín rárá, iyekíye tẹ́ ẹ bá fẹ́ san. Èèkàn àti wáyà iná ló wà lábẹ́ omi yẹn, mi ò lè rí wọn nínú òkùnkùn.

Bàbá Onílé, Ajégúnlẹ̀, 7:05

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kó yín láyà jẹ. Oṣù kẹwàá 2010 tí omi dáàmù ya wọ àdúgbò wa, èmi ò lọ. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo lò lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì pẹ̀lú gààrí àti sítóòfù. Àwọn tó lọ padà dé, wọn ò bá ilẹ̀kùn, wọn ò bá ẹ̀rọ omi, ti ẹnì kan wà tí wọ́n tú páànù orí ilé rẹ̀ lọ. Omi ò jí páànù o.

Atukọ̀ Agbóyi, 7:11

Bàbá, ẹ ní òkè ilé. Ilé ilẹ̀ ni tiwọn.

Bàbá Onílé, Ajégúnlẹ̀, 7:24

Òótọ́ ni, mi ò ka ibẹ̀ dáadáa. Ìyá ọmọ, tó bá jẹ́ ilé ilẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà. Kí obìnrin àtọmọdé lọ, kí ọkùnrin kan tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ máa wá yẹ ilé wò lójúmọmọ.

Kẹ́ ẹ tó pinnu, ẹ ṣe ohun tí èmi ń ṣe. Mo ti fi ọ̀dà pupa fa ìlà sára ògiri mi níbi tí omi 2010 dé, mo sì ri ọ̀pá kan mọ́lẹ̀ lẹ́nu géètì. Wákàtí kọ̀ọ̀kan, mo máa ń fi ọ̀bẹ gé àmì sára rẹ̀. Ọmọ tó bá sọ fún yín pé “omi ti pọ̀ sí i” ò tíì sọ nǹkan kan. Ohun tẹ́ ẹ fẹ́ mọ̀ ni iye tó fi ń gòkè. Ìka kan láàárín wákàtí mẹ́ta, ẹ ní àyè láti di ẹrù. Ìka mẹ́ta láàárín wákàtí kan, ẹ gbé ọmọ kẹ́ ẹ máa lọ, ẹ gbàgbé fìrísà.

Nọ́ọ̀sì Kẹ́tu, 8:40

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́, ẹ bá mi gba bí mo ṣe ń kọ ọ́ wúruwùru.

Iná ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pa. Ẹ pa á láti ibi mítà, lónìí, kí omi tó dé sọ́kẹ́ẹ̀tì. Tí omi bá ti dé ibẹ̀, ẹ má wọnú rẹ̀ lọ pa á, ẹ kúrò níbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì máa gbé jẹnẹrétọ̀ gun orí àtẹ̀gùn ilé kó má baà wọ omi, èéfín rẹ̀ á pa yín lójú oorun kí ilẹ̀ tó mọ́. A ti gba irú òkú bẹ́ẹ̀, gbogbo ìdílé lẹ́ẹ̀kan.

Ọmọ oṣù méje: ọmú ni kẹ́ ẹ tẹ̀ mọ́. Omi kànga yín ti bàjẹ́ báyìí bó tilẹ̀ mọ́ lójú, torí omi ti so ṣókàwéè gbogbo àdúgbò pọ̀ mọ́ ọn. Ṣé ẹ rántí onígbáméjì tó jà l'Ékòó ní oṣù kẹfà 2024? Ọ̀nà tó ń gbà wọlé nìyẹn. Tí ẹnikẹ́ni bá bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ bí omi, ẹ se lítà omi kan kó hó, kó tutù, ẹ fi ṣíbí tíì wọn ṣúgà mẹ́fà àti ààbọ̀ ṣíbí iyọ̀ sí i, ojú ṣíbí kó dọ́gba, kí aláìsàn máa mu ún díẹ̀díẹ̀ títí tẹ́ ẹ fi dé ilé ìwòsàn.

Màmá: ṣé wọ́n ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru? Ẹ kó èyí tó máa tó oṣù kan, ẹ fi ọ̀rá dì í lẹ́ẹ̀mejì, kó wà nínú àpò tó so mọ́ ara yín. Kò gbọdọ̀ wà nínú ẹrù tí ẹlòmíì ń gbé.

Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé pé omi ò tíì dé orúnkún. Omi tó ń ṣàn tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ lè gbé àgbàlagbà ṣubú, sẹ̀ǹtímítà 30 lè gbé mọ́tò kékeré. Ẹ fi igi yẹ iwájú wò bẹ́ ẹ ṣe ń rìn, gọ́tà tí wọn ò bò pọ̀ lójú ọ̀nà Ìtowolò.

Àlàájà Owódé, 9:02

Ejò ńkọ́? Ẹ ò sọ̀rọ̀ ejò. Ọdún yẹn, orí wọ́dúróòbù la ti bá tiwa, ó ká jọ bí ìyàwó tuntun.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Houston, 9:30

Ẹ kú ilé o. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí mi sí, mo sì ti lé ní ogún ọdún ní Houston. Ìjì líle tí wọ́n ń pè ní hurricane la fi ń ka oṣù níbí, láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà títí di ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kọkànlá. Mo ti sá fún un lẹ́ẹ̀kan, mo ti dúró dè é lẹ́ẹ̀kan, méjèèjì ni mo kábàámọ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Ìjì kan tó ń jẹ́ Katrina ba ìlú New Orleans jẹ́ ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ 2005. Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, wọ́n ní òmíràn tó ń jẹ́ Rita ń bọ̀ lọ́dọ̀ tiwa. A ti rí òkú lórí tẹlifíṣọ̀n, kò sẹ́ni tó dúró gbọ́ àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n lọ àti àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n jókòó. Èèyàn tó ju mílíọ̀nù méjì lọ bọ́ sójú títì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Láti ibí dé Dallas, wákàtí mẹ́rin ni. Mo lo wákàtí 17. Epo tán nínú mọ́tò, oòrùn ń pa àwọn àgbàlagbà lórí ìjókòó. Bọ́ọ̀sì kan tó kó àwọn arúgbó láti ilé ìtọ́jú gbiná, 23 ló kú nínú rẹ̀. Àwọn tó kú lẹ́nu sísá pọ̀ ju àwọn tí ìjì yẹn fúnra rẹ̀ pa lọ fíìfíì.

Bẹ́ẹ̀ ni ìjì míì, Harvey, dé ní oṣù kẹjọ 2017. Àwọn aláṣẹ ìlú ní ká jókòó sílé, torí wọn ò gbàgbé Rita. Mo jókòó. Òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, omi bá mi lórí bẹ́ẹ̀dì, aládùúgbò tó ní ọkọ̀ ìpẹja ló gbé èmi àti ìyàwó mi jáde. A ò rù ju ìwé ìrìnnà lọ.

Ohun tó yé mi nínú méjèèjì ni pé kì í ṣe gbogbo èèyàn ló yẹ kó sá. Omi lèèyàn ń sá fún. Atẹ́gùn, ilé tó bá le dáadáa lè gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn àdúgbò etí òkun níbí ní lẹ́tà, A, B, C. Tí wọ́n bá ní kí A máa lọ, ẹni tó wà ní C á jókòó kó má baà dí ọ̀nà mọ́ wọn. Èkó ò ní lẹ́tà. Nítorí náà, ìlà pupa bàbá yẹn ni lẹ́tà yín, ẹ má fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ilé tó bá wà lábẹ́ ìlà, A nìyẹn, kò sí àríyànjiyàn.

Ẹ tún jẹ́ kí n sọ èyí nípa àwọn tó bá fẹ́ dúró lókè. Nígbà Katrina, àwọn kan sá gun àjà ilé, omi tẹ̀ lé wọn, wọn ò rí ọ̀nà àbájáde. Ìdí nìyẹn táwọn èèyàn fi ń gbé àáké sí àjà. Ilé wa l'Ékòó ńkọ́? Irin bọ́gílárì ni ojú fèrèsé gbogbo láti yàrá dé ṣáláńgá, nítorí olè. Tí omi bá ti ilẹ̀kùn pa, àgọ́ adìyẹ ni ilé yẹn. Ẹ wá fèrèsé kan tó ṣeé ṣí, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kọ́ sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ọmọ tó kéré jù tó lè sọ̀rọ̀ mọ ibi tó wà.

Ní Rockport, ní Texas níbí, nígbà Harvey, ọ̀kan nínú àwọn aláṣẹ ìlú sọ fún àwọn tó kọ̀ láti lọ pé kí wọ́n fi bírò kọ orúkọ sápá ara wọn, kí ó lè rọrùn láti mọ òkú ta ni. Àwọn kan bínú. Àwọn míì di ẹrù.

Àlàájà Owódé, 9:41

Lá ìláhà illallāh! Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ sójú àgbàlagbà?

Tóyìn Ìsàlẹ̀ Èkó, 10:15

Ẹ̀gbọ́n Houston, ẹ forí jì mí tó bá dà bíi ìbéèrè òpè. Ṣé hurricane yẹn lè dé Èkó? Adéníji Adélé ni mò ń gbé, ìró àrá lásán ti ń lé mi sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Houston, 10:50

Kò rí bẹ́ẹ̀, àbúrò. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó lágbára jù, ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ti ń gbéra, ìrugùdù afẹ́fẹ́ ni wọ́n nígbà náà. Wọ́n á gba ẹ̀gbẹ́ Cape Verde bọ́ sórí òkun tó gbóná, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń di alágbára. Ṣùgbọ́n ìwọ̀-oòrùn ni wọ́n kọjú sí, ẹ̀yìn ni wọ́n kọ sí Èkó. Èkó tún sún mọ́ ìlà agbedeméjì ayé jù, yíyí ayé tó ń mú ìjì yẹn pòòyì kò lágbára tó lọ́hùn-ún.

Ẹ má wá torí ìyẹn sùn o. Oṣù kẹjọ 2012, òkun ru wọ etíkun Kúrámò lóru, ó gbé ilé onípákó pẹ̀lú àwọn tó sùn sínú rẹ̀. Kò sí hurricane kankan nílé lóko. Ní ọ̀dọ̀ tìrẹ, ohun tó yẹ kó o máa ṣọ́ ni ìgbà tí òkun bá kún, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Tí òjò ńlá bá bọ́ sí àsìkò yẹn, gọ́tà ò ní ríbi tú omi sí, àfi kó o dúró kí òkun fà sẹ́yìn. Gbé mọ́tò kúrò nílẹ̀, kó o gòkè, kó o jókòó. Kò yẹ kó o máa sá lọ síbì kankan, ojú títì léwu fún ọ ju yàrá lọ.

Ayálégbé Tẹ́lẹ̀rí, 11:20

Ṣé ẹnì kan á sọ̀rọ̀ ibi tí èèyàn ń lọ? Gbogbo yín ń sọ pé “ẹ lọ, ẹ lọ”. Ọdún tí omi lé wa, ibùdó kan tí mi ò ní dárúkọ ni wọ́n kó wa lọ. Ẹni 30 nínú yàrá kan, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ méjì. Ọmọ mi kó àìsàn níbẹ̀. Àǹtí Àbíkẹ́, ẹ dúpẹ́ pé ẹ ní àbúrò ní Kẹ́tu. Ẹni tí kò bá ní, kó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ ẹbí láti ìsinsìnyí. Ẹ má dúró dìgbà tí ẹsẹ̀ yín bá tutù kẹ́ ẹ tó pe ẹni tẹ́ ò pè láti ọdún Iléyá tó kọjá.

Nọ́ọ̀sì Kẹ́tu, 11:34

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ìbùsùn tó há sàn ju omi lọ ṣá. Ẹni tí kò ní ẹbí rárá, kó pe LASEMA, àjọ ìjọba Èkó tó ń rí sí ọ̀rọ̀ pàjáwìrì, lórí 767 tàbí 112, kò gba owó.

Àbíkẹ́ Ìtowolò, 12:05

Ẹ ṣé gan-an. Mo ti ri ọ̀pá mọ́lẹ̀. Ìka kan àti ààbọ̀ láàárín wákàtí méjì. Mo ti pa iná. Ìwé ilẹ̀, ìwé ẹ̀rí àwọn ọmọ àti oògùn màmá wà nínú kẹ́ẹ̀gì tí mo la ẹnu rẹ̀, mo fi ọ̀rá dì í. Ìlà 2010 wà lára ògiri wa náà, èmi ni mi ò mọ ohun tó jẹ́, mo rò pé ìdọ̀tí ni. Ó ga dé àyà mi.

Àmọ́ màmá jókòó sórí àga wọn lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé búlọ́ọ̀kù, wọ́n ń jẹ obì. Ẹ gbà mí.

Kọ́lá Mẹ́lìì Tuẹ́fù, 12:12

Purọ́ fún wọn. Sọ pé ọmọ Kẹ́tu ń ṣàìsàn. Èmi ṣe bẹ́ẹ̀ fún bàbá mi.

Àlàájà Owódé, 12:30

Ìwọ ọmọ yìí, àgbà tó bá mọ̀ pé o purọ́ fún òun ò ní bá ọ lọ nígbà kejì, omi kejì sì ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.

Àbíkẹ́, gbọ́ mi. Ìyá rẹ ò bẹ̀rù omi, ìtìjú ni wọ́n ń bẹ̀rù. Ìyàwó ilé tó bá sá fi ilé ọkọ sílẹ̀, ta ni wọ́n á ní ó jẹ́? Má sọ fún wọn pé kí wọ́n sá. Sọ pé o ò lè dá gbé ọmọ mẹ́ta sọdá, pé o nílò wọn, òótọ́ sì ni. Jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ ara wọn ti ilẹ̀kùn, kí kọ́kọ́rọ́ so mọ́ ìró wọn. Ní ti bàbá yín, pe àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò, kí wọ́n di àpò yanrìn yí ibojì ká lójú màmá. Bóyá ó máa dá omi dúró tàbí kò ní dá a dúró, wọ́n á ti rí i pé ẹ ò fi bàbá sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lásán. Kó o wá wá ẹgbẹ́ wọn kan tó ti kúrò, kó bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ ọmọ kì í wọ àgbà létí nígbà tí omi bá ń bọ̀, ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ni.

Bàbá Onílé, Ajégúnlẹ̀, 12:41

Fún mi ní nọ́ńbà ìyá náà ní kọ̀rọ̀. Mo lè má jẹ́ ẹgbẹ́ wọn, ṣùgbọ́n èmi náà ni ẹni tó kọ̀ ní 2010. Ẹ ò tíì bi mí bí ìyàwó mi ṣe rí lọ́jọ́ kẹjọ.

Àbíkẹ́ Ìtowolò, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:50 àárọ̀

A ti wà ní Kẹ́tu. Bàbá Onílé bá wọn sọ̀rọ̀ fún nǹkan bí ìdajì wákàtí. Mi ò mọ ohun tí wọ́n sọ, màmá ò dáhùn ju “ẹ̀n-ẹ́n” àti “ó mà ṣe o” lọ. Wọ́n dìde, wọ́n ní kí n mú ìró kejì wá. Àpò yanrìn mẹ́rìnlá ni àwọn ọ̀dọ́ yẹn dì yí bàbá ká. Màmá ka Fátíhà, wọ́n ti ilẹ̀kùn, a fẹsẹ̀ rìn jáde ní aago mẹ́rin kọjá. Orúnkún mi ni omi dé lójú ọ̀nà. Atukọ̀ Agbóyi, ẹ ṣé, ẹ̀yin lẹ fi ọkọ̀ kó ẹrù jáde, ẹ ò sì gbówó lérí bẹ́ ẹ ṣe lérí.

Atukọ̀ Agbóyi, 8:03

Ẹ má sọ ọ́ síta, àǹtí. Àwọn oníbàárà mi wà níbí.

Àbíkẹ́ Ìtowolò, Ọjọ́bọ̀, 6:40 ìrọ̀lẹ́

Atukọ̀ bá wa yẹ ilé wò lónìí, ó ya fọ́tò fún mi. Omi ti kọjá ìlà 2010 ní ìka méjì. Orí àpò yanrìn ò hàn mọ́. Mo fi han màmá, wọ́n wò ó títí, wọ́n dá fóònù padà fún mi, wọ́n ní ṣé adìyẹ àwọn tó wà lórí igi àgbálùmọ̀ ti sọ̀kalẹ̀.

Atukọ̀, ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá tún gba ibẹ̀ kọjá lọ́la, ẹ bá wa wo orí igi yẹn. Mẹ́rin ni wọ́n, ọ̀kan nínú wọn jẹ́ òpìpí.